Ìmọ́lẹ̀ Tó Fẹ́ Sọ Mí Di Olè Aṣọ Bàbá Mi

Ẹ̀gbọ́n mi gbà pé mo ti ta sányán bàbá wa. Kò sọ ọ́ báyìí rí o. Ohun tó máa ń sọ lọ́dọọdún, tí a bá sá aṣọ náà sóòrùn lẹ́yìn Iléyá, ni pé, "Àbúrò, ó dà bíi pé aṣọ yìí ṣú ju báyìí lọ nígbà ayé Bàbá." Á fi ìka méjì tẹ etí rẹ̀ wò, á sì dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn burú ju kó pè mí lólè lọ. Ẹni tí wọ́n bá pè lólè á kúkú lè bú ẹni tó pè é.

Ahunṣọ ni bàbá wa, ní Ìsẹ́yìn níbí. Ara ilé kòkòrò tí wọ́n ń ṣà lórí igi nínú ọ̀dàn ni wọ́n ti ran òwú sányán náà, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ hun ún. Nígbà tó kú, ẹ̀gbọ́n mi ti ń ṣòwò ní Ṣakí. Èmi ni mo wà nídìí òfì, ọwọ́ mi sì ni aṣọ náà wà: èmi tí mo lè fi òwú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n pa láró hun irú rẹ̀, kí n fi rọ́pò. Bó bá jẹ́ pé èmi ni ẹ̀gbọ́n mi, èmi náà á fura sí mi.

Lọ́dún tó kọjá, ó ránṣẹ́ pé ọmọ òun obìnrin ń bọ̀ láti yunifásítì pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń fi ìmọ́lẹ̀ mọ ohun tí wọ́n fi hun aṣọ. Ó ní kí á fi yẹ sányán Bàbá wò, "kí ọkàn gbogbo wa lè balẹ̀." Mo ní ó dáa. Ṣùgbọ́n nínú mi lọ́hùn-ún, mo ń bi ara mi pé: ọmọ ta ni ọmọ náà? Ọmọ ẹni tó ń fura sí mi ni. Ìmọ́lẹ̀ wo ló máa gbè mí níbẹ̀?

Wọ́n dé ní Sátidé. Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá kékeré, ẹ kú iṣẹ́ òfì o." Ó gbé kọ̀ǹpútà kalẹ̀, ó gbé àpótí dúdú kan tì í, ó mú tọ́ọ̀ṣì kékeré kan jáde, ó ní kí n ti fèrèsé. Mo tì í. Mo wá lọ dúró sẹ́yìn òpó, mo ń ka Áyátùl Kúrísíyù sínú, èmi tí oorun máa ń gba ìrun Àsùbá mọ́ lọ́wọ́.

"Bàbá kékeré, kò ní ṣe yín ní nǹkan kan o."

"Ta ló sọ pé ẹ̀rù ń bà mí? Òpó ni mò ń ṣọ́."

Iná tọ́ọ̀ṣì náà pọ́n bí àlùkò. Ó tàn án sí fìlà orí ẹ̀gbọ́n mi, tí Bàbá fi ìyókù òwú sányán náà hun fún un. Fìlà kò dáhùn, ó ṣe ràkọ̀ràkọ̀ bí ewé gbígbẹ. Ó tàn án sí aṣọ Bàbá. Ẹ gbà mí! Aṣọ arúgbó yẹn tàn búlúù bíi ṣẹ́ẹ̀tì ọmọ iléèwé láàárọ̀ Mọ́ńdè.

Ẹ̀gbọ́n mi kò pariwo. "Àbúrò," ó ní, "òwú ṣọ́ọ̀bù nìyẹn, àbí?"

Mo ti mọ ohun tó ṣeé ṣe kó fà á, ẹnu mi ni kò lè sọ ọ́. Ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú, mo ti fọ aṣọ náà. Mo ní bàbá ẹni kì í fi ìdọ̀tí jáde sójú àlejò. Mo bu ọṣẹ ẹlẹ́bú, èyí tí wọ́n ń polówó pé ó ń mú kí funfun tàn. Ọmọ ahunṣọ wo ló ń fi ọṣẹ ẹlẹ́bú fọ sányán? Ní àdúgbò òfì wa, títí ẹni náà á fi kú ni wọ́n á máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó wá ku kí n yan ọ̀kan: kí n jẹ́ olè, tàbí kí n jẹ́ òpè. Mo rò ó fún ìgbà díẹ̀ o, n kò ní purọ́.

"Mo fọ̀ ọ́ ni," mo ní.

"Kí lo fi fọ̀ ọ́?"

"Ọṣẹ."

"Ọṣẹ wo?"

Mo tọ́ka sí ọ̀rá rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ garawa. Ẹ̀gbọ́n mi di orí mú. "Sányán! Sányán Bàbá! Ó sàn kó o tà á!"

Ọmọ rẹ̀ ní ọṣẹ yẹn ní èròjà kan tó máa ń gba ìmọ́lẹ̀ àlùkò mì, tó sì máa ń pọ̀ ọ́ ní búlúù, kí aṣọ lè dà bíi pé ó funfun. "Ọṣẹ ló ń dá wa lóhùn, Bàbá, kì í ṣe aṣọ."

"Ẹ̀rí dà?" ẹ̀gbọ́n mi bi í.

Ó ní kí bàbá òun fún òun ní òwú díẹ̀ lára fìlà. Ẹ̀gbọ́n mi fa mélòó kan yọ nínú etí fìlà náà bí ẹni ń fa irun imú ara rẹ̀. A fi ọṣẹ náà fọ ìdajì, a sá a sóòrùn, a tan iná àlùkò sí i. Búlúù.

Ṣùgbọ́n ìyẹn kò dá mi láre. Bí ọṣẹ bá lè mú sányán tàn, ó lè mú òwú ṣọ́ọ̀bù náà tàn. Ọmọ náà ní a ní láti wá ìmọ́lẹ̀ mìíràn rán, èyí tí sányán fúnra rẹ̀ máa dáhùn, kí á sì dúró de ìdáhùn náà níbi tí ariwo ọṣẹ kò dé. Ó ní ara kòkòrò ni sányán ti jáde, ara igi ni òwú ṣọ́ọ̀bù ti jáde, ohun kan sì wà nínú ti kòkòrò tí kò sí nínú ti igi. "Nọ́ńbà la fi ń dá ìmọ́lẹ̀ kọ̀ọ̀kan mọ̀. Bí mo bá rán ìmọ́lẹ̀ ọ̀rìnlérúgba sí i, á dáhùn níbi òjìlélọ́ọ̀ọ́dúnrún. Ọṣẹ ń pariwo tirẹ̀ lókè lọ́hùn-ún, lẹ́yìn irinwó."

"Kí ló dé tó ò fi dúró dè é nítòsí ibi tó o ti rán an?" mo bi í.

"Ìmọ́lẹ̀ tèmi náà ló máa ta padà sí mi, Bàbá kékeré. Màá wá rò pé aṣọ ló sọ̀rọ̀."

"Àwọ̀ wo ni ọ̀rìnlérúgba yìí?"

"Ojú ò lè rí i."

"Ìdáhùn rẹ̀ ńkọ́?"

"Ojú ò lè rí ìyẹn náà."

Mo wo ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀gbọ́n mi wò mí. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún pípẹ́, àwa méjèèjì ń fura sí ẹnì kan náà.

"Ìwọ lo ń yan èyí tó o máa rán," ẹ̀gbọ́n mi ní, "ìwọ lo ń yan ibi tó o máa wò. Bó o bá yàn títí, o ò ní ṣàì rí ibi tí bàbá kékeré rẹ á ti mọ́."

"Ẹ jẹ́ kí n yàn án lára ohun tí kò lẹ́jọ́," ọmọ náà ní.

Ó ti aṣọ Bàbá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó kó òwú fìlà sínú àpótí dúdú náà, èyí tó rí ọṣẹ àti èyí tí kò rí i. Ó tún gba òwú ṣọ́ọ̀bù tí mo fi ń hunṣọ lọ́sẹ̀ yẹn, ó fọ ìdajì rẹ̀ náà. Ó ń yí ìmọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ìlà ń gòkè ń sọ̀ kalẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà, títí ó fi rí ibi tí òwú fìlà ti ń dìde bí òkè, ọṣẹ ìbáà wà níbẹ̀ tàbí kó má sí, tí òwú ṣọ́ọ̀bù sì sùn sílẹ̀ gbalaja. Ó kọ nọ́ńbà méjèèjì sínú ìwé, ó fi lé bàbá rẹ̀ lọ́wọ́. "Mo ti yàn. N kò ní yí i mọ́." Ó gbé kọ̀ǹpútà dání, ó kẹ̀yìn sí àpótí. Ó ní kí bàbá òun fi ohun tó bá wù ú síbẹ̀, kó má sọ fún òun.

Ẹ̀gbọ́n mi fi òwú ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀. "Òwú ṣọ́ọ̀bù," ọmọ náà ní. Ó tún fi òwú ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀, kó lè tàn án jẹ. "Òwú náà ni." Ó fi fìlà síbẹ̀. "Sányán."

Ó wá mú etí aṣọ Bàbá. Ó kì í bọ inú àpótí náà. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù tuntun kan bà mí: bó bá jẹ́ pé Bàbá fúnra rẹ̀ ló purọ́ fún wa ńkọ́?

"Sányán."

Ó fi etí kejì síbẹ̀. Ó fi àárín rẹ̀ síbẹ̀.

"Sányán ni, Bàbá. Ẹ jẹ́ kó sinmi."

Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sórí àpótí ìjókòó òfì mi. Kò bẹ̀ mí. Wọn kò dá a mọ́ ọn. "Mo ti ń fura sí ọ tipẹ́," ó ní.

"Mo mọ̀."

"O mọ̀, o ò sì sọ̀rọ̀?"

"Ẹ̀yin náà ò kúkú sọ ọ́."

A jọ ká aṣọ náà, etí méjì lọ́wọ́ rẹ̀, etí méjì lọ́wọ́ mi. Ó fi lé mi lọ́wọ́. "Gbé e wọlé."

Kí á tó kírun Àsárì, gbogbo àdúgbò ti gbọ́ pé ẹ̀rọ ti jẹ́rìí sí sányán ilé wa. Àwọn tí kò bojú wò ó rí wá ń wá fọwọ́ kàn án. Bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ kàn án ni mò ń wo ojú wọn. Aṣọ tí kò dá ẹnikẹ́ni lójú, ta ló fẹ́ jí i? Nígbà tó di Mọ́ńdè, mo ra àgádágodo ńlá, mo fi ti àpótí tí aṣọ náà wà. Mo so kọ́kọ́rọ́ kan mọ́ ọrùn, mo fi ọ̀kan rán awakọ̀ sí ẹ̀gbọ́n mi ní Ṣakí, kó lè mọ̀ pé mo fi ọkàn tán an.

Ó pè mí lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó kí mi, ó kí ìyàwó mi, ó ṣàdúrà fún mi. Mo ṣe àmín.

"Àbúrò," ó ní, "kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta ló máa ń bá irú àgádágodo yìí wá."