Òróró Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ẹṣin Onírin

Láàárín àwọn ọdún 1990, ìyá mi wá kí mi láti Ìbàdàn. Mo mú wọn kúrò nílé mi ní Fort Washington l'Amẹ́ríkà, a wọ bàálù lọ sí ìlú kan nínú aṣálẹ̀, níbi tí ère ẹṣin onírin kan tó lókìkí wà.

Bá a ṣe débẹ̀, Mọ́mì fa ìgò òróró yọ nínú báàgì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ àdúrà kíkankíkan. Sikiọ́rítì ń bọ̀. Mo jágbe: "Ẹ má dà á sí i lára o! Kì í ṣe òrìṣà!"

Iwájú orí èmi ni wọ́n fi òróró náà pa.

"Ta ló ń bá ẹṣin jà? O lè wọ bàálù wá wo irin, àmọ́ látọjọ́ tá a ti sin bàbá ẹ, o ò tíì wá wo sàréè wọn."

Sikiọ́rítì dé, ó bi mí pé kí ni ìyá mi ń sọ.

Mo ní ère náà ló wù wọ́n.