Funfun Tó Wà Nínú Adìẹ Pupa

Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, tọ́rọ́ ni wọ́n ń ta ẹyin kan ní ọjà Lálúpọn, ṣílè mélòó kan sì ni èèyàn fi ń ra àkùkọ gidi. Lónìí, owó ẹyin kan ti tó igba náírà, ẹni tó bá sì fẹ́ ra àkùkọ ìbílẹ̀ ní láti mú nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá dání kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í nájà. Nígbà náà, bí àlejò bá dé lójijì, a ó lé adìẹ mú. Lónìí, à ń bẹ àlejò pé kó jọ̀ọ́ kó fi ẹja jẹun. Ṣùgbọ́n irú adìẹ kan wà ní ilé wa tí a kì í tà rárá, ì báà wọ́n, ì báà pọ̀.

Adìẹ funfun ni. Òrìṣà-ńlá ni ìyá tó bí ìyá wa ń bọ, funfun sì ni ohun gbogbo tí wọ́n ń lò. Nígbà tí ilé wa di ilé ìmàle, òrìṣà lọ, adìẹ dúró. Ọmọbìnrin tó bá ń lọ sílé ọkọ láti ilé wa gbọ́dọ̀ mú abo adìẹ funfun kan lọ, èyí tí adìẹ ilé wa pa nínú àgbàlá wa, kì í ṣe èyí tí a rà. Lẹ́yìn ikú ìyá wa, ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni ìtọ́jú wọn bọ́ sí.

Nígbà tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ yìgì ọmọ-ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni lúkúlúkú, àrùn tó ń pa adìẹ, wọ abúlé. Àrùn náà gbá àgbàlá mọ́. Àgbébọ̀ funfun kan ṣoṣo ló kù, ó sì ti darúgbó. Ẹ̀gbọ́n mi ránṣẹ́ pè mí.

"Akọ̀wé," ni wọ́n wí, "ẹ̀kọ́ adìẹ ni bàbá wa ta kòkó fún tí o fi lọ sí yunifásítì. Ó tó àsìkò kí àwa náà jẹ nínú kòkó yẹn."

Ọmọ wọn ọkùnrin, bàbá ìyàwó, tó ń gun ọ̀kadà láti Lálúpọn sí Ìbàdàn, ní ọ̀rọ̀ náà ò le. Kí a ra adìẹ àgìríìkì funfun kan, ó parí.

"Àgìríìkì kì í sàba," ni ìyá rẹ̀ dá a lóhùn. "Ṣé ohun tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń pamọ ni màá dì fún ọmọ mi lọ sílé ọkọ?"

Mo ní kí a yá àkùkọ pupa aládùúgbò wa, nítorí òun nìkan ni àrùn ṣẹ́kù ládùúgbò. Nígbà tí àgbébọ̀ náà pamọ, pupa ni gbogbo òròmọdìẹ rẹ̀. Kò sí funfun kan. Ẹ̀gbọ́n mi dúró lórí wọn fún ìgbà pípẹ́. Kí àgbébọ̀ yẹn tó tún yé, a bá a lórí ìtẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ti kú.

"Ìwé rẹ ti gbé e lọ," ni wọ́n wí.

Mo jókòó, mo ṣàlàyé. Mo ní ìpín àwọ̀ méjì ni adìẹ kọ̀ọ̀kan ń gbà, ọ̀kan láti ara ìyá, ọ̀kan láti ara bàbá. Ìpín pupa a máa bo ìpín funfun mọ́lẹ̀ bí agbádá ṣe ń bo síńgílẹ́ẹ̀tì. Àwọn pupa tí à ń wò yìí, funfun ìyá wọn wà lábẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá gun ara wọn, èyí tó bá gba funfun lápá méjèèjì á jáde ní funfun, bí ẹyọ kan nínú mẹ́rin.

"Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni o fẹ́ kó gun ara wọn?"

"Ẹ̀gbọ́n, adìẹ ni wọ́n."

"Mo mọ̀ pé adìẹ ni wọ́n. Ìwọ ni mi ò mọ̀ mọ́."

Síbẹ̀, wọ́n gbà. Àwọn pupa náà dàgbà, àkùkọ kan ṣoṣo ló wà nínú wọn. Ọjọ́ tí àwọn àna ń bọ̀ láti Ìrókò láti wá dá ọjọ́ yìgì, mo wọlé bá ọmọ ẹ̀gbọ́n mi níbi tó ti so àkùkọ náà lẹ́sẹ̀, tó ń pọ́n ọ̀bẹ. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Bàbá, ṣé ẹ̀fọ́ lásán ni kí n fi gba àlejò?"

"Bí o bá pa á, o ti pa funfun ilé wa."

"Funfun wo? Pupa ni èmi ń wò nílẹ̀ yìí."

Kò ju ọ̀bẹ sílẹ̀, èmi náà ò sì fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ariwo ọkọ̀ àwọn àna ti ń dún lójú ọ̀nà. Ẹ̀gbọ́n mi jáde láti inú ilé, wọ́n wo àkùkọ, wọ́n wo ojú mi.

"Tú u," ni wọ́n sọ fún ọmọ wọn. "Sáré lọ ra ẹran." Wọ́n wá yíjú sí mi. "Bí funfun kò bá jáde, ìwọ lo máa wí fún ìyàwó. Kì í ṣe èmi."

Láti ọjọ́ náà, oorun mi ò fi bẹ́ẹ̀ jinlẹ̀. Mo mọ ìṣirò yẹn dáadáa, ìdí nìyẹn tí ẹ̀rù fi ń bà mí. Ẹyọ kan nínú mẹ́rin kì í ṣe ìlérí. Adìẹ lè pamọ tán kí ìpín méjèèjì má bára wọn pàdé.

Àgbébọ̀ pupa kan sàba. Nígbà tí ó pamọ, púpọ̀ nínú àwọn òròmọdìẹ náà pọ́n, ṣùgbọ́n méjì rí bí ògì.

"Ṣé funfun nìyẹn?"

"Ẹ jẹ́ kí ìyẹ́ jáde ná."

Àṣá gbé ọ̀kan nínú méjèèjì. A fi apẹ̀rẹ̀ bo èyí tó kù, ẹ̀gbọ́n mi sì gbé àpótí wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ìyẹ́ apá rẹ̀ yọ, ó funfun bí òwú. Wọ́n fi ìka kan ṣoṣo kàn án, wọ́n sì rọra rẹ́rìn-ín. Inú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rọ̀ nígbà tí ogbe bẹ̀rẹ̀ sí í ga lórí rẹ̀, tó sì ń pọ́n sí i. Akọ ni. Yìgì sì ti dé tán, kò sí àyè fún ìpamọ mìíràn.

Mo lọ bá ìyàwó gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti pàṣẹ. Ó tẹ́tí sí mi, ó wá kúnlẹ̀ níwájú ìyá àgbà rẹ̀. "Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu. Mo lè lọ láìmú un."

Èmi ni ẹ̀gbọ́n mi kọjú sí. "Àgbébọ̀ pupa tó bí akọ yìí, ṣé ó dá ọ lójú pé funfun wà nínú rẹ̀?"

"Ó dá mi lójú. Ọmọ rẹ̀ nìyẹn."

"Bí àwa bá wá gbé e fún akọ funfun?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì wá sí mi lọ́kàn rí. "Ìdajì ọmọ wọn lè funfun," ni mo wí, "bí Ọlọ́run bá fẹ́."

Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ilé wa ṣe kọ́kọ́ mú adìẹ méjì lọ sílé ọkọ, tí ọ̀kan sì pupa. Ìyá ọkọ rẹ̀ wo inú apẹ̀rẹ̀, ó ní, "Funfun la gbọ́ pé ó jẹ́ ti ilé yín. Pupa wo nìyí?"

"Àgbàdo ni kí ẹ máa fún un," ni ẹ̀gbọ́n mi fèsì. "Kò ní kí ẹ fún òun ní ọ̀rọ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi ò pẹ́ láyé lẹ́yìn yìgì náà. Aládùúgbò tó yá wa ní àkùkọ náà ti lọ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wà, ó ṣì ń gun ọ̀kadà, ẹ̀yìn ń dùn ún. Ìyá ọkọ yẹn wà ní Ìrókò, ojú rẹ̀ ti fọ́. Ìyàwó wà, ọkọ rẹ̀ wà, adìẹ funfun sì ń pamọ nínú àgbàlá wọn. Nínú àwa tí ìyá wa bí, ó ku èmi nìkan.