Oògùn Tí Wọ́n Fún Mi Ni Ògiri

Ayùn ni mo fi ń jẹun láyé òyìnbó. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi la jọ ń la pákó nínú igbó ẹ̀yìn Ilo-Awela. Òun a wà nínú kòtò, èmi a dúró lórí gẹdú, mà á máa fa ayùn sókè láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tó ṣe, eegun pẹlẹbẹ tó wà lẹ́yìn èjìká mi ọ̀tún yọ síta bí apá adìẹ tó fẹ́ fò. Bí mo bá gbé ọwọ́ náà, kì í kọjá etí.

Àwọn ẹbí mi kò fi mí sílẹ̀. Àbúrò ìyá mi fi òróró gbígbóná pa mí lẹ́yìn títí mo fi ń rùn bí ẹran díndín. Ẹ̀gbọ́n mi, ọlọ́gbọ́n ilé wa, ní kí n túbọ̀ fa ayùn náà le, pé eegun yóò wọlé fúnra rẹ̀. Mo fà á le. Eegun tún yọ sí i.

Ni mo bá lọ bá dírẹ́sà tó wà nílé ìtọ́jú ìjọba l'Ọ̀tà, ẹni tó ti tọ́jú ọgbẹ́ àwọn ṣọ́jà nígbà ogun Bọ́mà. Ó ní kí n bọ́ ẹ̀wù, kí n fi ọwọ́ méjèèjì ti ògiri. Ó tẹ ẹ̀yìn mi wò, ó ní eegun kò ṣẹ́, iṣan tó yẹ kó dì í mọ́ ìhà ló ti kú sára. Mo ti ń múra àtigba abẹ́rẹ́.

"Ògiri ni oògùn rẹ," ó wí. "Máa tì í láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Má fọwọ́ kan ayùn."

Mo dúpẹ́ gan-an. Mo fẹsẹ̀ rìn dé Ọ̀tà láti lọ gba ògiri, nígbà tí mo ní mẹ́rin nílé.

Ìyàwó mi bi mí bóyá ògiri náà ṣẹ̀ mí ni. Ẹ̀gbọ́n mi ní bí mo bá tì í tán, kí n wá ti tòun náà, òun fẹ́ fẹ yàrá. Mo ṣáà ń tì í. Lẹ́yìn oṣù kan, dírẹ́sà ní kí n máa fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí ẹní, kí n máa ti òkúta sókè sí àjà.

Ó tó oṣù mẹ́rin kí ó tó yé mi pé ògiri náà ń ṣiṣẹ́. Mò ń wẹ̀ láti lọ kírun Jímọ̀, mo sì fi ọwọ́ ọ̀tún da omi sórí láìmọ̀. Ìyàwó mi gbé korobá ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹ tún un ṣe," ó wí.

Mo tún un ṣe. Ó ń fi etí ìró rẹ̀ nu ojú.

Ẹ̀gbọ́n mi sọ fún gbogbo ará Oju Ore pé àdúrà òun ló gbà. Èmi kò padà sórí gẹdú mọ́. Mo kọ́ṣẹ́ káfíńtà. Bí iṣẹ́ bá pọ̀ jù, eegun náà a tún yọjú díẹ̀, mà á sì lọ wá ògiri tó ṣófo.