Ìyá Bàbá Mi àti Ẹní Tútù

"Dìde, Àbẹ̀kẹ́, dìde jẹ́jẹ́."

Ọwọ́ ìyá bàbá mi á ti wà lábẹ́ abíyá mi kí n tó la ojú. Ilẹ̀ á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa mọ́. Òórùn èèpo ọsàn gbígbẹ tí wọ́n dáná sun nínú agolo á ti gba gbogbo yàrá, kí ẹni tó bá ṣèèṣì wọlé má baà gbóòórùn ohun mìíràn. Wọ́n á bọ́ aṣọ tútù lára mi, wọ́n á fi ìró tiwọn tó gbẹ wé mi, wọ́n á ká ẹní, ó di ẹ̀yìnkùlé. Mo máa ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń gbọn aṣọ náà, pá, pá, kí wọ́n tó sá a sẹ́yìn táǹkì omi, níbi tí àwọn ọmọ yunifásítì tó háyà yàrá lọ́dọ̀ wa kò ti lè rí i.

Àgbowó là ń gbé nígbà náà. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí, mo sì ń tọ̀ sílé. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ojú tó tì mí. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan o, lálaalẹ́ ni. Lójú mọmọ, èmi ni mo máa ń ṣe ipò kìíní ní kíláàsì, ẹnu mi sì mú bí abẹ. Ṣùgbọ́n tí oorun bá ti gbé mi lọ, ó parí nìyẹn. Wọ́n ní kí n má mumi lálẹ́, n kò mumi. Màmá mi gbàdúrà, wọ́n tún nà mí lé e. Pàbó ni gbogbo ẹ̀ já sí.

Ilé iṣẹ́ kan ní Olúyọ̀lé ni màmá mi ń bá ṣiṣẹ́, wọn kì í sì í pẹ́ nílé láàárọ̀. Ìyá àgbà ló ń tọ́jú mi. Wọ́n wá láti Ṣakí, wọ́n ga, wọ́n rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, wọn kì í sì í kánjú sí ohunkóhun láyé. Àwọn ló kọ́ mi bí a ṣe ń sẹ́ ògì. Èmi á di etí aṣọ mú, àwọn á máa da ọkà tí a ti lọ̀ lé e, omi á máa ṣàn wọ inú báfù, òórùn omi kíkan á gba ẹ̀yìnkùlé. Mo máa ń fẹ́ kí a da omi orí ẹ̀ nù lójú ẹsẹ̀, kí n rí ògì tó wà nísàlẹ̀. Wọ́n á gbá mi lọ́wọ́.

"Fi sílẹ̀ jàre. Ṣé torí pé ojú ń kán ọ ni ògì á ṣe rọ̀ sísàlẹ̀?"

Olùkọ́ ni bàbá mi. Lópin ọ̀sẹ̀, wọ́n tún ń lọ sí yunifásítì láti kọ́ nípa bí ọmọ ṣe ń dàgbà àti bó ṣe ń kẹ́kọ̀ọ́. Tí ìdánwò bá ti ń sún mọ́lé, wọ́n á máa rìn sókè sódò nínú pálọ̀, wọ́n á máa kàwé sókè: ìpele kìíní ọmọ ń ṣe báyìí, ìpele kejì ọmọ ń ṣe báyìí. Ìyá àgbà á tẹ́tí sílẹ̀ títí, wọ́n á ní, "Ìpele, ìpele! Àkàsọ̀ ni ọmọ ni?" Bàbá mi á bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n fẹ́ràn ara wọn púpọ̀, ìyá àti ọmọ.

Ọ̀rọ̀ wá di ọ̀rọ̀ lọ́dún tí mo parí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Mo yege ìdánwò sí ilé ìwé kan tó jìnnà, bọ́dìn sì ni, inú ilé ìwé lọ́hùn-ún ni a ó máa gbé. Inú bàbá mi dùn débi pé wọ́n lọ ra àpótí irin dúdú ní Dùgbẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n fi ọ̀dà funfun kọ orúkọ mi sí i. Gbogbo àdúgbò ń bá mi yọ̀. Èmi nìkan ni mo mọ ohun tó ń ṣe mí. Mo ti gbọ́ pé bẹ́ẹ̀dì alájà méjì ni wọ́n ń sùn sí níbẹ̀, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Bí wọ́n bá wá fún mi ní ti òkè ńkọ́? Ta ló máa wà nísàlẹ̀? Yéè!

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni, a ń sẹ́ ògì lọ́wọ́, bàbá mi jáde sẹ́yìnkùlé wá kí ìyá wọn. Ìyá àgbà kò tilẹ̀ jẹ́ kí bàbá mi kí wọn tán.

"Àlàó, jẹ́ kí ọmọ yìí máa tilé lọ síléèwé. Ilé ìwé ò wọ́n ní Bódìjà. Ara rẹ̀ ò tíì tó àjò."

Bàbá mi rẹ́rìn-ín. "Màámi, ibẹ̀ gan-an ló ti máa jáwọ́. Tó bá dé àárín ẹgbẹ́ rẹ̀, ojú á tì í. Àbí ẹ ti gbàgbé tèmi? Bàbá so ọ̀pọ̀lọ́ mọ́ mi nídìí, gbogbo ọmọ àdúgbò ń pàtẹ́wọ́ tẹ̀lé mi, wọ́n ń pè mí ní atọ̀ọ́lé. Láti ọjọ́ yẹn, ṣé mo tún tọ̀ sílé? Ìtìjú ló wò mí sàn."

Ẹnu yà mí. Bàbá mi? Bàbá mi tó máa ń lọ ṣòkòtò wọn títí ojú ìlà á fi dúró gbọn-in? N kò gbọ́ ọ rí. Bí wọ́n sì ṣe ń sọ ọ́, wọ́n ń gbéra ga, bí ẹni ń ròyìn ogun tó ṣẹ́.

Ìyá àgbà yọ ọwọ́ nínú báfù, wọ́n fi ìró nù ún.

"O tọ̀ ọ́, Àlàó."

"Ẹ ní kí ni?"

"Lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n so ọ̀pọ̀lọ́ mọ́ ọ gan-an lo tọ̀. Mo gbé ọ, o ò jí. Oorun rẹ ti wúwo láti kékeré. Mo pààrọ̀ aṣọ, mo pààrọ̀ ẹní. Nígbà tí o jí tí ara rẹ gbẹ, o fò sókè, o sáré lọ bá bàbá rẹ, o ní o ti bọ́. O ò rẹ́rìn-ín láti ọjọ́ pípẹ́ kí ọjọ́ yẹn tó dé. Ẹ̀rín yẹn, n kò lè gbà á lọ́wọ́ rẹ. Ni mo bá ń ṣe é nìṣó."

Bàbá mi jókòó sórí bẹ́ńṣì. Ohùn wọn ti yí padà. "Fún ìgbà wo, Màámi?"

"Ó lé lọ́dún méjì. Títí ara rẹ fi gbọ́n fúnra rẹ̀."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Kí n sọ ọ́ kó wá ṣe kí ni? Ò ń gbórí sókè rìn. Bí kì í bá ṣe ti ọmọ yìí ni, mo fẹ́ gbé e lọ sọ́run ni."

Omi ń bọ́ lójú wọn bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Èmi ṣì di etí aṣọ ògì mú, n kò mọ ibi tí ǹ bá wò. Bàbá mi wò mí, wọ́n tún wo ìyá wọn, wọ́n dìde, wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja níbi tí omi ògì ti ta sí. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n gbé àpótí irin náà wọ yàrá wọn, wọ́n kó ìwé wọn sínú rẹ̀.

Bódìjà ni mo ti kàwé, láti ilé. N kò lè sọ ọjọ́ tí mo jáwọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan mo jí, ara mi gbẹ, mo pe ìyá àgbà: "Ṣé ẹ̀yin lẹ pààrọ̀ ẹ̀?" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń wúkọ́. "Èmi kẹ̀? Mo sùn títí ilẹ̀ fi mọ́." Mo wò wọ́n lójú dáadáa. Títí di òní, n kò mọ̀ bóyá òótọ́ ni wọ́n sọ.

Èmi náà ti kàwé nípa bí ọmọ ṣe ń dàgbà báyìí. Agbaninímọ̀ràn ni mí nílé ìwé kan ní Challenge. Àwọn òbí máa ń mú ọmọ wá: èyí ń kólòlò, èyí kò tíì mọ̀wé kà, èyí ń sunkún bí ọmọ ọwọ́. Wọ́n á ní kí n dójú tì í níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀ kó lè gbọ́n. Mo máa ń sọ ohun tí ìwé wí fún wọn. Lẹ́yìn náà, mo máa ń bi wọ́n léèrè pé, "Ẹ̀yin náà ńkọ́, ta ló bò yín láṣìírí nígbà tí ẹ wà ní kékeré?"

Àwọn kan á rẹ́rìn-ín, wọ́n á dárúkọ ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn á fọwọ́ sọ̀yà pé kò sí ẹni kankan, pé àwọn kò ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rí láyé àwọn.

Àwọn yẹn ni mo máa ń sọ fún pé, tí ìyá wọn bá ṣì wà láyé, kí wọ́n lọ bi í.