Alùpùpù Tí Ìyá Tólú Lè Gùn

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ nígbà tí ọkọ̀ tó ń kó kòkó lọ sí Ore fọn fèrè lẹ́nu ọ̀nà wa ní Omifunfun. Èmi àti Sùúrù tó ń wa ọkọ̀ náà la jọ gbé ìyàwó mi, Ìyá Tólú, sókè sí ìjókòó iwájú. Ó ti tó ọdún méjì tó ti yọ̀ ṣubú lórí afárá igi tó wà ní oko wa. Eegun ìbàdí rẹ̀ jinná, ṣùgbọ́n ó jinná ní líle. Ó lè fi ọ̀pá rìn díẹ̀díẹ̀ yí ilé ká, àmọ́ kò lè gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kọjá ohunkóhun tó bá ga.

Mo ní alùpùpù kan nígbà náà tó ga bí ẹṣin. Mo gbìyànjú láti máa gbé e jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan lẹ́yìn mi, bí àwọn obìnrin wa ṣe máa ń jókòó, ṣùgbọ́n gbòǹgbò àti kòtò ló kún ọ̀nà oko wa. Lọ́jọ́ kan ó já bọ́ sínú koríko. Kò ṣèṣe, ṣùgbọ́n ó ní òun kò gun nǹkan yẹn mọ́ láyé òun. Láti ọjọ́ náà ni kò ti kúrò lábúlé. Ìyá rẹ̀ wà ní Agbabu, ó ti darúgbó, kò lè rìn jìnnà. Gbogbo ẹni tó bá ń bọ̀ láti ọ̀hún ni màmá máa ń rán sí wa pé kí a sọ òótọ́ fún òun bí ọmọ òun bá ti kú.

Ayé ológun là ń jẹ nígbà náà, àkókò ètò ọrọ̀ ajé ìjọba tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Sáàpù. Búrẹ́dì ti di ohun tí a ń rà fún aláìsàn. A kò rántí ìgbà tí a rí mílíìkì nílé mọ́. Ṣùgbọ́n kòkó wa ń tà. Àwọn oníṣòwò ń wá bá wa nínú oko fúnra wọn, wọ́n ń bá ara wọn du ẹrù wa. Àwọn àgbẹ̀ kan fi owó tiwọn kọ́lé. Èmi ta alùpùpù gíga yẹn, mo fi owó kòkó lé e, nítorí Sùúrù ti sọ fún mi pé ọkùnrin Bìní kan ní Ore ń ta àlòkù àwọn alùpùpù ńlá kan tí ìjókòó wọn lọ sílẹ̀, tí ẹni tó gùn ún ń na ẹsẹ̀ síwájú bí ẹni tó jókòó sórí àga ìrọ̀gbọ̀kú.

Oòrùn ti yọ nígbà tí a dé Ore. Ìyá Tólú di fèrèsé ọkọ̀ mú, ó ń wo ọ̀nà márosẹ̀ bí ẹni tó ń wo òkun. Tírélà ń tẹ̀lé tírélà, bọ́ọ̀sì gígùn tó ti Èkó bọ̀ ń sáré lọ sí Bìní, afẹ́fẹ́ wọn sì ń mi ọkọ̀ wa níbi tí a dúró sí. "Ibo ni gbogbo wọn ń lọ?" ló bi mí.

A jẹun ní búkà kan lẹ́bàá ọ̀nà. Lọ́dọ̀ tiwa, pupuru tí a fi ẹ̀gẹ́ ṣe àti ọbẹ̀ marúgbó ni oúnjẹ, ọ̀sán la sì ń jẹ ẹ́ nígbà tí a bá ti oko dé. Ní Ore, iyán àti ẹran ìgbẹ́ ni wọ́n gbé síwájú wa láàárọ̀ kùtù. Obìnrin tó gbé e wá wo bí a ṣe ń jẹ ẹ́ jẹ́jẹ́, ó ní, "Ẹ̀yin ò ní ọkọ̀ tó ń dúró dè yín ni?" Gbogbo àwọn tó kù ló ń gbé òkèlè mì bí ẹni tí wọ́n ń lé.

Ọ̀gbẹ́ni Osaro ni orúkọ ọkùnrin Bìní náà tí Sùúrù gbé wa lọ bá. Abẹ́ ìbòji páànù kan ló wà, níbi tí ọ̀nà Ondo ti yà kúrò lára márosẹ̀. "Kóyo," ló fi kí wa. Bí àwọn ènìyàn rẹ̀ ṣe ń sọ pé ẹ ǹlẹ́ nìyẹn. Lẹ́yìn náà ó bọ́ sí Yorùbá tó já gaara, ó sì ṣí tapólì kúrò lórí alùpùpù mẹ́ta.

Mi ò rí irin tó lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀ rí. Pupa ni àkọ́kọ́, ó gùn, ó sanra, sálẹ́ńsà rẹ̀ méjèèjì ń dán débi pé mo rí ojú ara mi nínú wọn. Ọwọ́ rẹ̀ fẹ̀ bí ìwo màlúù. Nígbà tí Osaro tan án, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú àyà mi kí n tó gbọ́ ọ létí. Mo ti ra á lọ́kàn mi kí n tó fọwọ́ kàn án.

"Ẹ kọ́kọ́ fi yí àgbàlá yìí ká," Osaro wí. "Ẹ má sáré. Ìrìn jẹ́jẹ́ lẹ fi máa mọ̀ ọ́n."

Mo yí i. Bí mo ṣe ń yí ọwọ́ rẹ̀, iwájú rẹ̀ ń wúwo sí i, bíi pé ó fẹ́ sùn lé mi lẹ́sẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé yóò mọ́ mi lára. Mo gbé e sọ́nà Odigbo. Lórí ọ̀dà tó tọ́, ó ń lọ bí omi. Ṣùgbọ́n a dé kọ́nà kan, mo tẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́, irin tí mo fẹsẹ̀ lé ha ilẹ̀, alùpùpù náà sì kọ̀, kò tẹ̀ mọ́. Ó gbé mi lọ tààrà sí ọwọ́ òdìkejì. Agbégilódò kan ń bọ̀ pẹ̀lú ìtì igi gbọọrọ lẹ́yìn rẹ̀. Ó fọn fèrè, mo rí funfun ojú dẹ́rẹ́bà náà, ó sì kọjá. Inú koríko lẹ́bàá ọ̀nà ni alùpùpù náà ti dúró, mo sì tì í padà sórí ọ̀dà.

Síbẹ̀, bí mo ṣe padà dé, ẹnu mi ni mo fi ń sọ pé ó dára. Ìyá Tólú wò mí láti orí bẹ́ǹṣì tó jókòó sí. "Bàbá Tólú, kí ló dé tí koríko wà lára ṣòkòtò yín?"

Mo sọ fún un. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká wo òmíràn."

Èkejì fúyẹ́, ó sì ń yí dáadáa, ṣùgbọ́n ìjókòó ẹ̀yìn rẹ̀ kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ẹ̀kẹta ni mi ò kọ́kọ́ kà sí. Dúdú ni, tánkì rẹ̀ ti họ, kò dán níbì kankan. Nígbà tí mo jókòó sórí rẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ mi méjèèjì dúró pẹrẹsẹ lórí ilẹ̀. Mo yí àgbàlá ká, mo tún yí i kéré sí i, ó ń tẹ̀lé ojú mi. Ibi tí mo bá wò ló ń lọ. Mo gbé e dé kọ́nà yẹn. Mo tẹ̀ ẹ́, ó tẹ̀, ó sì tún dìde fúnra rẹ̀ bí kọ́nà ṣe parí. Mo padà lọ tún kọ́nà náà ṣe nítorí mi ò gbà á gbọ́. Lójú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, mo tẹ bíréèkì, kò yẹ̀ sí ọ̀tún, kò yẹ̀ sí òsì.

Ó ku bí ìyàwó mi yóò ṣe gùn ún, nítorí irin ìfẹ̀yìntì wà lẹ́yìn, kò sì lè gbé ẹsẹ̀ kọjá rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló rí ọgbọ́n rẹ̀. Ó ní kí n di alùpùpù náà mú. Ó jókòó sí àyè tèmi níwájú, níbi tó lọ sílẹ̀ jù, ó fi ọwọ́ gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún kọjá, ó wá ń fà sẹ́yìn títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kan irin. Ó mí kanlẹ̀. "Ẹ gùn ún ká lọ," ó wí. "Àmọ́ Omifunfun kọ́. Agbabu."

A sanwó, a sì kọrí sí Agbabu. A kò tíì rìn jìnnà tí a bá àwọn sójà tó fi igi dínà. Òfin wọn ni pé alálùpùpù gbọ́dọ̀ sọ̀kalẹ̀, kó ti maṣíìnì rẹ̀ kọjá níwájú wọn. Mo sọ̀kalẹ̀. Ìyá Tólú kò lè yára sọ̀. Ọ̀kan nínú wọn pariwo mọ́ ọn lédè Gẹ̀ẹ́sì, ó ń bọ̀ pẹ̀lú ìbọn. Ìyá Tólú wò ó lójú, ó fi ọ̀pá rẹ̀ kan ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ tó le. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ti alùpùpù náà, pẹ̀lú rẹ̀ lórí, ó sì ń lọ láìfì. Ó jókòó ṣánṣán bí ayaba tó ń wọ ìlú. Nígbà tí a dé ibi tí ilẹ̀ ga díẹ̀, mo rí i pé ó fúyẹ́ lójijì. Mo wẹ̀yìn. Sójà yẹn ti gbé ìbọn kọ́ èjìká, ó ń bá mi tì í.

Lẹ́yìn ọ̀dà, ilẹ̀ pupa ló kù, pẹ̀lú iyanrìn tó jìn. Alùpùpù náà wọlẹ̀ díẹ̀, ó gbọn ìdí, ó tún ọ̀nà rẹ̀ rí. Nítòsí Agbabu, oòrùn ti mú gan-an, ọ̀dà sì ń sun jáde láti inú ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko, dúdú, ó ń dán, láìsí ẹni tó dà á síbẹ̀. Wọ́n ti ń sọ ọ́ láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọdé pé ìjọba ń bọ̀ wá wà á. Ìyá Tólú ní kí n dúró. A wò ó pẹ́, bí ilẹ̀ tí a ń dáko sí ṣe ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nínú.

Màmá ń bó ẹ̀gẹ́ níwájú ilé. Ó gbọ́ ìró wa, ó gbójú sókè, ọ̀bẹ sì dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá Tólú fà síwájú, ó sọ̀kalẹ̀, ó fi ọ̀pá rìn lọ bá a. Màmá kò fọwọ́ kan ojú rẹ̀. Ẹsẹ̀ yẹn ló kọ́kọ́ dì mú, láti ìbàdí dé kókósẹ̀, bí ẹni tó ń yẹ aṣọ wò lọ́jà.

"Ṣé ó ń dùn ọ́?"

"Kò dùn mí mọ́, Màmá. Ó kàn le ni."

"Wọ́n ń sọ fún mi pé o wà. Mo rò pé wọ́n ń tàn mí ni." Ìgbà yẹn ló tó sunkún.

Mo fi àwọn méjèèjì sílẹ̀, mo lọ jókòó sábẹ́ igi. Ó ti di ìrọ̀lẹ́ kí n tó lè rí wọn pín níyà.

Oòrùn ń wọ̀ nígbà tí a padà dé Omifunfun. Mo sọ̀kalẹ̀, mo di alùpùpù náà mú, mo ń dúró kí Ìyá Tólú fà síwájú kó sì sọ̀. Ó fà síwájú lóòótọ́, ó dé àyè tèmi, ó sì dúró síbẹ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wà pẹrẹsẹ lórí ilẹ̀. Ó na ọwọ́ méjèèjì, ó di ọwọ́ alùpùpù náà mú, ó yí i sí òsì, ó yí i sí ọ̀tún, ó ń wò bí táyà iwájú ṣe ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Láti àárọ̀ ni mo ti rò pé ẹni tí yóò máa jókòó lẹ́yìn mi ni mo ń wá alùpùpù fún.

"Bàbá Tólú," ó wí, "ẹ fi bíréèkì hàn mí."