Orúnkún Tí Ẹgbẹ́ Kò Lè Dúró Dè

Mo gbọ́ ìró rẹ̀ kí n tó mọ ìrora rẹ̀. A ń ṣe ìgbaradì lórí pápá wa ní Agége, mo fẹ́ yí padà lé ọmọ kan tó gbé bọ́ọ̀lù kọjá mi. Ara mi yí, ẹsẹ̀ mi ò yí. Orúnkún ọ̀tún dún bí ìgbà tí wọ́n bá ṣẹ́ ilá tútù. Mo dìde, mo rẹ́rìn-ín, mo ní kò sí nǹkan. Ẹ̀rù ló ń rẹ́rìn-ín yẹn.

Ìjọba alágbádá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nígbà náà, ilé-iṣẹ́ aṣọ tí mò ń gbá bọ́ọ̀lù fún ní Ìkẹjà sì ń ṣọ́ owó ná. Iye kan pàtó ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún owó oṣù gbogbo àwa agbábọ́ọ̀lù, kò gbọdọ̀ lé. Bí ẹgbẹ́ bá fẹ́ gba ẹni tuntun, ẹni àtijọ́ kan ní láti lọ. Èmi ni mo pẹ́ jù níbẹ̀, owó tèmi náà ò sì kéré. Bí àgbà bá tún wá farapa, ẹ̀yin náà ẹ mọ ẹni tí ojú máníjà máa kọ́kọ́ wò.

Ni mo bá fi báńdéèjì wé orúnkún òsì. Ọgbọ́n àwa adẹ̀yìnmú nìyẹn: èyí tó yá là ń wé, kí àwọn alátakò máa ta á nípàá, kí wọ́n fi èyí tó ń dunni sílẹ̀. Ó ti mọ́ mi lára débi pé bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe wé e lọ sí ọsibítù. Bẹ́ńṣì ibẹ̀ nà dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, gbogbo wa ń sún ìdí síwájú díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó kàn mí, dókítà tú báńdéèjì, ó tẹ orúnkún òsì síwá sẹ́yìn, ó ní òun ò rí nǹkan kan.

Ìyàwó mi, Ìyá Káfáyà, dá a lóhùn pé, “Ìkejì ni, dókítà. Ẹsẹ̀ ara wọn ni wọ́n ń purọ́ fún.”

Dókítà ṣàlàyé pé láàárín egungun itan àti egungun ojúgun, nǹkan rírọ̀ kan wà bíi tìmùtìmù, kí eegun má baà máa ha eegun. Tèmi ti ya. Wọ́n máa la orúnkún, wọ́n á gé ibi tó ya kúrò. Mo béèrè abẹ́rẹ́ apàrora tí wọ́n máa ń gún sí oríkèé, kí n lè sáré lójú máníjà. Ó ní abẹ́rẹ́ ò rán ohun tó ya. “Ìrora ló ń sọ fún yín pé kí ẹ dúró. Tí a bá pa á lẹ́nu mọ́, ta ló máa sọ fún yín?”

Èmi ti pinnu lọ́kàn mi pé màá wá ẹlòmíràn tó máa gún un. Àfi bí máníjà ṣe wá bá mi nílé; ìròyìn orúnkún mi ti dé etí rẹ̀. Abẹ́ mi ló ti kọ́ bọ́ọ̀lù. Ìyàwó mi gbé omi fún un, kò mu ún.

“Bùọ̀dá Ràṣídì, mi ò lè gbé yín wọ sáà tuntun. Owó tí wọ́n fún mi ò gba yín, kó tún gba adẹ̀yìnmú mìíràn.”

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fún mi ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀.

“Orúnkún yín á sàn. Kò kàn ní sàn lásìkò tí owó yìí fẹ́ ni.”

Mo pè é ní aláìmoore. Ó dorí kodò, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó lọ.

Níwọ̀n bí kò ti sí ẹgbẹ́ tí mò ń sáré padà sí mọ́, mo gbà kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ. Mo ti lérí nílé pé ẹ̀rù ò ní bà mí. Nọ́ọ̀sì ló bẹ̀ mí pé kí n jọ̀ọ́, kí n fi ìka òun sílẹ̀. Wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́ ní ẹ̀yìn, láti ìbàdí dé ìsàlẹ̀ sì di ti ẹlòmíràn. Mo rí ẹsẹ̀ kan tí wọ́n gbé sókè, àánú ẹni tó ni ín ń ṣe mí, kí n tó rí àpá ojúgun rẹ̀. Tèmi ni.

Nígbà tí oró abẹ́rẹ́ kúrò, mo sunkún, ẹ má jẹ́ kí n tàn yín. Itan tó ti le bí igi rí rọ̀ jọ̀ọ̀. Wọ́n ní kí n máa sọ fún un láràárọ̀ pé kó le. Mò ń sọ, kò dáhùn, bí ẹni ń pe ẹni tó sùn sí yàrá kejì. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, iṣan kékeré kan yí lábẹ́ awọ bí ẹja abẹ́ omi. Mo pe Ìyá Káfáyà. Ó gbé ọwọ́ lé e, ó tún yí.

“Ó ń gbọ́,” ló wí.

Súlè, ọ̀rẹ́ mi nínú ẹgbẹ́ mìíràn, farapa bíi tèmi. Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, ó gbá sáà náà parí, a sì ń ṣe ìlara rẹ̀. Lónìí, orí àga ló ti ń kírun. Mo ti lọ bá máníjà, mo tọrọ àforíjì. Ó ní kí n má dá òun lọ́lá, pé owó ló lé mi, kì í ṣe ọgbọ́n òun.

Mi ò gbá bọ́ọ̀lù mọ́, òjò kì í sì í rọ̀ kí orúnkún yìí má mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí tiyín bá dún lóòótọ́, ẹ tètè fi hàn. Ní gbogbo ìgbà tí mò ń bẹ̀rù, tí mò ń bú èèyàn, ara mi ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ nísàlẹ̀ níbẹ̀, kò bi mí ní nǹkan kan. Ní mọ́ṣáláṣí, gbogbo ìlà á ti dìde kúrò ní ìforíkanlẹ̀ kí n tó gbéra. Wọ́n rò pé orúnkún ló ń dá mi dúró. Ọpẹ́ ni mi ò tíì dá tán.