Òrí Tó Dúró De Kọ̀ǹpútà

Tí mo bá rí ẹni tó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ wo bóyá ara ọmọ gbóná, ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ni mo máa ń rántí. Kọ̀ǹpútà ni Bọ̀dá, bí a ṣe ń pè é, máa ń fọwọ́ wò bẹ́ẹ̀ bóyá ó ti gbóná jù nílé wọn ní Ìkẹ́rẹ́, nígbà tí Ìpínlẹ̀ Èkìtì ṣì jẹ́ tuntun. Olùkọ́ ni ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ọ̀rá inú awọ ara lókè pátápátá ló ń fi kọ̀ǹpútà náà ṣe ìṣirò rẹ̀.

"Sìmẹ́ńtì ni ọ̀rá yẹn," ni yóò wí, "òun ni kì í jẹ́ kí omi ara sá jáde." A ti gbọ́!

Èyí tó ká mi lára jù ni ti òrí. Lásìkò ọyẹ́ kan, Màmá, ìyá Bọ̀dá, gbé igbá òrí wá láti Èmùré. Bọ̀dá ní, "Ẹ má tíì fi para o. Ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ sọ bó ṣe ń wọ awọ." Odidi ọjọ́ mẹ́sàn-án! Gìgísẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi là títí ó fi ń ṣẹ̀jẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹwàá, epo tán nínú jẹnẹrétọ̀, kọ̀ǹpútà kú, gbogbo iṣẹ́ náà sì pòórá.  Màmá fa ọwọ́ Bọ̀dá tí ọyẹ́ ti mú kó là, wọ́n fi òrí pa á.

Bọ̀dá yí ọwọ́ náà síwá sẹ́yìn. "Màmá, ohun tí mò ń wá gan-an nìyí."

"Ulé yìí náà ló wà," ni Màmá fi èdè Èkìtì wí, pé inú ilé yìí náà ló wà.

Bọ̀dá gbé kẹ́ẹ̀gì, ó lọ ra epo jẹnẹrétọ̀.